Ìlù tó rí ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó: iṣẹ́ dùndún kan láti Àkúrẹ́ fún ìdíje orí yìnyín

Nígbà tí oṣù kọkànlá ń parí lọ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láti Chicago. "Àǹkú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi gba ìlù sílẹ̀. Dùndún gidi ni mo fẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Mo fẹ́ wọ ìdíje sìkéètì lọ́dún tó ń bọ̀, ìlù yẹn ni mo fẹ́ jó sí."

Iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́, ó ti lé lọ́dún 13. Orin ìjọ, ìpolówó rédíò, ewì, ìwàásù, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ kan tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tó èyí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan ibi tí mo ti ṣì í ṣe, nítorí mo mọ̀ pé irú rẹ̀ á tún kan ẹlòmíì. Àwọn ọmọ wa wà káàkiri ayé báyìí, wọ́n sì ń wá ohùn ilé.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ yìí. Àkúrẹ́ níbí la ti tọ́ ọ dàgbà kó tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì ti pé ọmọ ọdún 28 kó tó wọ bàtà sìkéètì, bàtà onírin tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló mú lọ kọ́ ọ. Ó jókòó síta wò wọ́n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó wò wọ́n lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta ó yá bàtà tirẹ̀. Ọdún 7 rèé, aago mẹ́fà òwúrọ̀ ló máa ń wà lórí yìnyín kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ẹni tí kò bá sún mọ́ eré yìí lè rò pé àwọn ọmọdé tí à ń wò nínú Òlíńpíìkì nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ U.S. Figure Skating ní ìdíje tirẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà tó ń ṣe é nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, láti ẹni ọdún 21 lọ sókè. Ọdún 1995 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ní ìlú Wilmington. Ẹkùn mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ ìyẹn, Eastern, Midwestern àti Pacific Coast, oníkálukú a sì lọ díje ní ẹkùn tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, kó ti yege nínú ìdánwò ìpele tó fẹ́ díje ní, kó forúkọ sílẹ̀ kó sì sanwó kó tó di ọjọ́ tí wọ́n dá, kó kọ gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe lórí yìnyín sínú fọ́ọ̀mù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì fi fáìlì orin rẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú. Bronze ni ìpele tirẹ̀. Ní ìpele yẹn, ijó kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ńdì 50 lọ.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ dùndún. Ó ní dùùrù kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò lòun náà jó sí lọ́dún tó kọjá, pé bí òun bá ti fò sókè, ara òun kì í mọ ibi tó yẹ kó bá ilẹ̀ nínú orin yẹn. Ohun kejì tó sọ, ọ̀rọ̀ òfin ni. Ní àkókò Òlíńpíìkì Beijing ọdún 2022, àwọn olórin kan pe àwọn méjì tó jó fún Amẹ́ríkà lẹ́jọ́, wọ́n pe àjọ náà mọ́ ọn, pé wọ́n lo orin àwọn láìgba àyè. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn tó ń díje. Ìlù tí a fọwọ́ ara wa gbà sílẹ̀, tí ẹni tó lù ú sì fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó máa yọjú pé òun ló ni ín. Mo tún bi í bóyá wọn ò ní sọ pé ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ní ọ̀rọ̀ nínú, nítorí mo rántí pé ìgbà kan wà tí wọn kì í gba orin tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó ní láti sáà ọdún 2014 sí 2015 ni àjọ àgbáyé, ISU, ti gbà á láyè fún ẹni tó ń dá jó. Ọkàn mi balẹ̀.

Ẹni tí mo mọ̀ tó lè ṣe é ń gbé lẹ́yìn Ọjà Ọba. Àyàn ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bàbá Àyàn lèmi ń pè é, nítorí ó ju bàbá tó bí mi lọ. Bàbá tirẹ̀ ló gbé ìyáàlù kọ́ èjìká láti Ọ̀yọ́ wá sí Àkúrẹ́. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ló jọ ń lọ sóde: òun lórí ìyáàlù, àkọ́bí lórí gángan, èyí àbúrò lórí gúdúgúdú.

Èmi ni mo ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Bí mo ṣe ń ṣe ti ẹgbẹ́ akọrin ni mo ṣe é. Mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí Bàbá létí, mo jẹ́ kí kílíìkì máa kà sí i, mo ní kí wọ́n lù ú fún bí ìṣẹ́jú méjì. Bàbá ṣí apá kan kúrò létí, ó wojú mi.

"Àbúrò, kí ló ń kan kókó létí mi báyìí?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, òun ló máa jẹ́ kí ìlù wa dúró déédéé."

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó lù ú, ìlù náà sì dúró déédéé. Ìṣẹ́jú méjì àti sẹ́kọ́ńdì 7 ni mo rí gbà. Mo gé e gan-an níbi tí sẹ́kọ́ńdì 50 ti pé lórí ìṣẹ́jú kan, mo fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì lọ sùn.

Ọjọ́ méjì kọjá kí ọmọ náà tó dáhùn. Mo ti mọ̀ látinú bó ṣe kọ́kọ́ dákẹ́ nínú ohùn tó fi ránṣẹ́ pé nǹkan wà níbẹ̀. "Àǹkú, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa tì yín lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ìlù náà dùn, ṣùgbọ́n kò mọ̀ mí. Mo jó sí i lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló dà bíi pé ẹlòmíì ni wọ́n ń lù ú fún. Àti pé, Àǹkú, ẹ gé orúkọ wa."

Mo padà lọ gbọ́ ọ. Lóòótọ́ ni. Ní ìparí, Bàbá ki ọmọ náà ní ọmọ Àkúrẹ́: ọmọ Olóyèmẹkùn. Ohùn márùn-ún ló wà nínú Olóyèmẹkùn lẹ́nu ìlù: àárín, òkè, ìsàlẹ̀, àárín, ìsàlẹ̀, re, mí, dò, re, dò. Àárín rẹ̀ gan-an ni ibi tí mo gé bọ́ sí. Ohun tó kù ni "ọmọ Olóyè", ìlù wá dákẹ́. Ọmọ olóyè wà ní gbogbo ìlú. Olóyèmẹkùn, Àkúrẹ́ nìkan ló ni ín. Mo ti bá ìlù ṣiṣẹ́ fún ọdún 13, mo sì gé oríkì ìlú mi sí méjì nítorí pé nọ́ńbà tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni mò ń wò. Ó dùn mí dé egungun.

Mo gbéra lọ bá Bàbá nílé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì. Kò bínú. Ó kàn bi mí ní ìbéèrè kan.

"Ta ni mo lù ú fún lọ́jọ́ yẹn?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, Bàbá. Mo ti sọ fún yín."

"O sọ fún mi. O ò fi hàn mí."

Ó wá là á yé mi. Lóde àríyá, bí ẹnì kan bá ń jó bọ̀ lọ́dọ̀ onílù, onílù kì í wo ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò, ẹsẹ̀ àti èjìká. Bí èjìká bá fẹ́ já, ìlù ti mọ̀ kó tó já. Ẹni tó ń jó ń gbọ́ ìlù, ìlù náà ń rí ẹni tó ń jó, àwọn méjèèjì ló ń wá ara wọn kiri títí wọ́n á fi pàdé. Ohun tí èmi ṣe ni pé mo ní kí òun máa lu ìlù fún ògiri, kí ọmọ ọlọ́mọ wá máa sáré tẹ̀ lé ìlù ògiri ní ìlú òyìnbó.

Orin ìdíje kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ń lọ nìyẹn. Bí ọmọ náà bá ṣubú, ìlù ò ní mọ̀. Nítorí náà, bí ìlù kan bá máa rí i, àfi kó ti rí i nílé kó tó dé ibẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tó kù, orí èyí la gbé e lé.

Mo ní kí ọmọ náà lọ ṣe gbogbo ijó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìsí orin kankan, kí ẹnì kan dúró sétí pápá máa fi fóònù gbà á, kí onítọ̀hún má sọ̀rọ̀ rárá. Pápá yẹn tó mítà 61 ní gígùn àti 26 ní fífẹ̀, nítorí náà ẹni tó gba fídíò ní láti máa yí fóònù tẹ̀ lé e. Agogo kan ọ̀sán ni fídíò náà wọlé ní Àkúrẹ́. Àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo aago mẹ́fà òwúrọ̀. Mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n inú sitúdíò, mo gbé àga fún Bàbá síwájú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Bàbá wò ó kó tó sọ̀rọ̀. Kò fọwọ́ kan ìlù. Ó gbé kọ̀ǹgọ́ lé orí itan, ó fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó dijú, ó ń gbọ́ ọ lásán. Kò sí orin níbẹ̀, ohùn irin lórí yìnyín nìkan ni: ó ń ha, ó ń fà gbọọrọ bí ìgbà tí èèyàn ń ya aṣọ tuntun, lẹ́yìn náà wàá gbọ́ "tà!", á tún máa fà lọ. Irin ìsàlẹ̀ bàtà náà kò ju bíi mìlímítà 4 lọ ní fífẹ̀, ó ní etí méjì, etí inú àti etí òde, ó sì ní eyín níwájú bíi ti ayùn.

Bàbá ṣíjú. Ó ní, "Ìfò rẹ̀ ò dọ́gba. Ọ̀kan wà tó ń kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn ń kàn án lẹ́ẹ̀kan."

Mi ò gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo fa ohùn fídíò náà sórí kọ̀ǹpútà, mo fẹ̀ ẹ́ kí n lè rí ìlà ohùn náà dáadáa. Ó wà níbẹ̀ kedere. Nínú ariwo irin tó tẹ́ lọ bíi koríko, àwọn ìlà gígùn kan yọ sókè ṣóńṣó. Ibòmíràn, méjì sún mọ́ra. Ibòmíràn, ẹyọ kan. Mo pe ọmọ náà lórí fídíò, mo ní kó wá bá wa túmọ̀ rẹ̀.

Ó kí Bàbá, ó kúnlẹ̀ nílé ìdáná rẹ̀ lọ́hùn-ún, Bàbá súre fún un. Ó wá ní òótọ́ ni Bàbá sọ. Ìfò tí wọ́n ń pè ní toe loop àti flip, eyín iwájú bàtà ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, nítorí náà èèyàn á gbọ́ ìgbéra, á sì gbọ́ ìbálẹ̀. Salchow àti loop kò lo eyín ní ìgbéra. Etí irin ni wọ́n ń tẹ̀ títí ara á fi dìde fúnra rẹ̀, ìbálẹ̀ nìkan ló ń dún. Gbogbo wọn, ẹ̀yìn ni èèyàn ń balẹ̀ sí, lórí etí òde, lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

Bàbá bi í léèrè ohun tó ń jẹ́ Salchow. Ó ní orúkọ èèyàn ni, Ulrich Salchow, ará Sweden, tó kọ́kọ́ fò ó ní 1909. Ó ní ọ̀kan tún wà tí wọ́n fi orúkọ Axel Paulsen, ará Norway, sọ, ẹni tó kọ́kọ́ fò ó ní 1882. Òun nìkan ni wọ́n ń fojú síwájú fò, ìdí nìyẹn tó fi gba yíyí kan ààbọ̀, ó sì ju ìpele Bronze lọ. Inú Bàbá dùn sí èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ. "Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ni wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ títí dòní? Bí àwa náà ṣe ń jẹ́ Àyàn nìyẹn. Àyàn Àgalú ló kọ́kọ́ lù ú." Láti ìgbà náà ni kò ti pè é ní "eré àwọn òyìnbó" mọ́.

Mo tẹ ìwé ohun tó fẹ́ ṣe jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri: 1F, lẹ́yìn náà 1S+1T, ìyípo ìjókòó, ìrìn ọ̀ṣọ́, 1Lo, 1S, ìyípo ìdúró níparí. F ni flip, S ni Salchow, T ni toe loop, Lo ni loop; 1 túmọ̀ sí yíyí kan. Àwọn méjì tó kẹ́yìn nínú ìdílé ìlù náà, ìyẹn gángan àti gúdúgúdú, fẹ́ lu "tà" ní gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá gbéra. Ó wù mí bẹ́ẹ̀ náà, nítorí ó bá ìlà inú kọ̀ǹpútà mu níbi flip àti toe loop. Bàbá kọ̀. Ó ní ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò nílẹ̀, kí ìlù gbé ohùn sókè kó sì dì í mú, kó má sọ nǹkan kan. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀ ni kí ìyáàlù tó dá a lóhùn. Ó fún ọsán ìyáàlù mọ́ra lábẹ́ apá, ohùn náà gùn, ó dúró lókè. Ó tú u sílẹ̀, ohùn náà bọ́ gbì. Àwa tó wà nínú yàrá náà, gbogbo wa la mí kanlẹ̀ pa pọ̀. Mi ò tún jiyàn mọ́.

Fún ìyípo, ibi tó ti ń yí bí òkòtó, gúdúgúdú nìkan ni Bàbá fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òkòtó kì í fẹ́ ariwo púpọ̀.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́sẹ̀ yẹn, ẹni tó bá mọ Àkúrẹ́ ní oṣù kìíní mọ bí ètè ṣe ń ya. Awọ ìlù gbẹ, ohùn ìyáàlù gun òkè ju bí Bàbá ṣe fẹ́ lọ. Òwúrọ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá fi máa di agogo méjìlá, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé mi ò lè mú apá kan nínú ti òwúrọ̀ kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ọ̀sán, etí á mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la gbọ́dọ̀ lù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣaworo tún ni tirẹ̀. Gbọ̀ngàn yìnyín kò ní aṣọ tàbí igi tó máa mu ohùn. Yìnyín, ògiri àti gíláàsì ni, ohùn á máa ta padà. Bí ṣaworo bá pọ̀ nínú fáìlì, ariwo lásán ló máa dà tó bá débẹ̀. Mo bẹ Bàbá kó yọ ọ́, ó ní ìyáàlù tí kò ní ṣaworo dà bí ìyàwó tí kò ní ìlẹ̀kẹ̀. Mo gbé máìkì lọ sẹ́yìn, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó má wo ṣaworo lójú, ohùn rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ débi tó tọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di ìjà ni ìbà. Bàbá kò ní la ẹnu ìlù láìjúbà. "Ọlọ́jọ́ òní, mo júbà", ó tún fi ìbà àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ lé e. Sẹ́kọ́ńdì 9 ló ń gbà. Ijó ọmọ náà ti jẹ sẹ́kọ́ńdì 47 lórí ìṣẹ́jú kan. Bí a bá ro ó pọ̀, ó ti kọjá 1:50. Nínú òfin àgbáyé, gbogbo sẹ́kọ́ńdì 5 tó bá lé, máàkì kan ni wọ́n ń yọ, ó sì lè jẹ́ pé gbogbo ohun tí èèyàn rí nínú ìfò kan kò tó máàkì kan: toe loop ẹyọ kan, 0.40 ni wọ́n dá lé e, loop, 0.50. Mo ní, "Bàbá, ààyè ò sí, ẹ jẹ́ ká fi ìbà sẹ́nu." Ó ní bí òun bá fi ìbà sẹ́nu, ẹnu òun nìkan ló júbà, ìlù ò júbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìlù sínú àpò.

Ọmọ náà ló yanjú rẹ̀. Nígbà tí mo rò fún un, ó ní kí n mú sùúrù, òun àti olùkọ́ òun á wo ìwé òfin. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló fèsì. Kì í ṣe ìgbà tí orin bá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń ka aago. Ìgbà tí ẹni tó ń jó bá gbéra ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọn á sì dá a dúró nígbà tó bá dúró pátápátá. Bí òun bá dúró jẹ́ẹ́ láàárín pápá títí Bàbá fi máa júbà tán, sẹ́kọ́ńdì 9 yẹn kò sí lára ijó. Ó ní, "Àǹkú, ó dára bẹ́ẹ̀ náà. Ṣé bí wọ́n bá ń júbà, èèyàn ń rìn kiri ni?"

Mo sáré lọ sí Ọjà Ọba láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún mi.

Ọjọ́ Sátidé la gbà á. Fídíò ń lọ lójú tẹlifíṣọ̀n láìlóhùn, Bàbá kò wo ìlù rẹ̀ nígbà kankan. Ní ìgbà àkọ́kọ́, gángan pẹ́. Ní ìgbà kejì, iná lọ, ínfátà sì gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ti kú fún ìṣẹ́jú kan, kò sí ẹsẹ̀ tí Bàbá fẹ́ wò. Ìgbà kẹta dára. Ìgbà kẹrin ni a mú. Kò sí kílíìkì, mo sì wò ó lẹ́yìn náà lórí ìlà: gbogbo ìbálẹ̀ ọmọ náà ló bọ́ sábẹ́ ìyáàlù, àfi ibi ìyípo ìjókòó tí gúdúgúdú fi díẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Níparí, nígbà tí ọmọ náà na apá kan sókè tó sì dúró, Bàbá lù ú pé: ọmọ Olóyèmẹkùn. Ó pé. Mo jẹ́ kí ìkẹyìn rẹ̀ rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án.

Fọ́ọ̀mù orin ní àyè tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tó lù ú. Ọmọ náà fẹ́ kọ "ìlù ìbílẹ̀ Yorùbá" kó fi síbẹ̀, nítorí ó rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Mo kọ̀. Dùndún jẹ́ ti Yorùbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú fáìlì yẹn, ọwọ́ ẹnì kan ló ti jáde, àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la kọ, orúkọ àti ti bàbá wọn, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀. Mo tún kọ ìwé ojú kan ní Yorùbá, mo kà á sókè fún Bàbá, pé ó yọ̀ǹda kí ọmọ náà lo ìlù yìí fún ìdíje, pé ìlù náà ṣì jẹ́ ti Bàbá, àti iye tí a san. Ó tẹ̀ka, àkọ́bí rẹ̀ fọwọ́ sí i. Mo rọ gbogbo ẹni tó bá ń gba ìlù sílẹ̀ fún àwọn tó wà lókè òkun kí wọ́n má fo ibí yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi aṣọ òkè ránṣẹ́ kí ọmọ náà fi jó. A ṣàlàyé fún un pé aṣọ tó ń fà ni wọ́n ń wọ̀, aṣọ òkè á dì í lápá. Wọ́n wá fi ọ̀já aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbá a nígbàdí, wọ́n rán an mọ́ ọn pinpin, torí pé bí nǹkan bá já bọ́ lára aṣọ sórí yìnyín, wọ́n ń yọ máàkì fún un.

Oṣù kẹta ni ìdíje náà. Fídíò rẹ̀ dé ọwọ́ mi bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, èmi, Bàbá àti ilé rẹ̀ sì ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan náà. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó rìn dé àárín pápá, ó dúró. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, bí àwọn ọmọbìnrin wa ṣe ń kí àgbà lójú ọ̀nà, ó tẹrí ba. Ìbà bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn náà dákẹ́, ìyáàlù ń ta padà lára ògiri ibẹ̀, ó dà bíi pé onílù méjì ni. Ní sẹ́kọ́ńdì kẹwàá ó gbéra.

Flip rẹ̀ balẹ̀. Salchow balẹ̀, toe loop tẹ̀ lé e, ìyáàlù dá méjèèjì lóhùn. Ìyàwó Bàbá ń pàtẹ́wọ́. Nínú ìyípo ìjókòó, kò lọ sílẹ̀ tó. Itan ẹsẹ̀ tó dúró lé gbọ́dọ̀ tẹ́jú dọ́gba pẹ̀lú yìnyín kí wọ́n tó kà á sí ìjókòó, tirẹ̀ ò tẹ́jú. Ó jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìkánjú, loop tó tẹ̀ lé e yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan yìnyín. Kò ṣubú. Ìlù ti ń lọ, ó sáré bá a, nígbà tó fi máa dé Salchow kejì, òun àti Bàbá ti pàdé. Ó parí rẹ̀ lórí orúkọ ìlú wa, apá rẹ̀ lókè.

Kò gba àmì-ẹ̀yẹ. Ìwé máàkì rẹ̀ dé lálẹ́. Àwọn adájọ́ ń fún gbogbo nǹkan ní òṣùwọ̀n láti òdì 5 dé 5, loop yẹn sì wà lódì lọ́wọ́ gbogbo wọn. Àwọn mẹ́ta tó kù tí wọ́n ń wò, ìtò ijó, ọgbọ́n ẹsẹ̀ àti bí ara ṣe gba orin, èyí tó kẹ́yìn yìí ló ga jù nínú tirẹ̀. Ó pè mí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé fóònù fún Bàbá kí òun lè dúpẹ́.

Bàbá gbà á, wọ́n kí ara wọn. Lẹ́yìn náà ló ní kí n dá fídíò padà síbi ìyípo ìjókòó. Mo dá a padà. Ó ní kí n tún un dá padà. Ó bi ọmọ rẹ̀ kejì, "Ṣé o gbọ́ ara rẹ níbẹ̀?" Ọmọkùnrin náà ní, "Ẹ̀n, Bàbá, mo yá jù. Èmi ni mo lé e dìde." Bàbá ní kí n má pa fáìlì yẹn rẹ́ o, kí ọmọ náà gba òmíràn ránṣẹ́ láìsí orin tí ọyẹ́ bá tún dé, pé àwọn á tún ibẹ̀ lù.